Símẹ́ǹtì èṣí dà? Lẹ́tà ṣíṣí sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Kwara

Ẹ̀yin aṣòfin wa, ẹ̀yin mẹ́rìnlélógún, àsàlámù àlékúmù o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ onígbàgbọ́ náà, àlàáfíà Olúwa kó máa bá yín gbé. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Mo mọ̀ pé lẹ́tà tó ń dé ọ̀dọ̀ yín pọ̀, ẹni tó fẹ́ kẹ́ ẹ bá òun sanwó ilé ìwé ọmọ wà níbẹ̀, ẹni tó ń wáṣẹ́ fún àbúrò ìyàwó ẹ̀ wà níbẹ̀. Èmi ò tọrọ nǹkan kan. Ìbéèrè kan péré ni mo gbé wá, èmi kọ́ ni mo sì ni ín, ìyá àgbà kan ló ni ín.

Lábúlé wa lápá Òmù-Àrán lọ́hùn-ún, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú máa ń ka ìwé owó fáráyé gbọ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, Sátidé ọdún Àjíǹde la sábà máa ń fi í sí torí ìgbà yẹn làwọn ará Èkó àtàwọn ará Kàdúná máa ń wálé. Lọ́dún kan báyìí, akápò dìde, ó tún fìlà ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé lọ geerege, símẹ́ǹtì fún ilé ìgbẹ̀bí iye báyìí, irin iye báyìí, owó bíríkìlà, owó oúnjẹ bíríkìlà, gbogbo wa ń mi orí bí alángbá. Ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ ló nawọ́ sókè. Ó ní òun ò kàwé o, kí wọ́n má bínú sóun, àmọ́ símẹ́ǹtì tí wọ́n kà fáwọn léṣìí, ara ògiri wo ló wà? Akápò ní ìyá, ti ọdún yìí la wà lórí ẹ̀. Màmá ní ti ọdún yìí kẹ̀, nígbà tóun ò tíì rí ti èṣí, ẹ dìde ẹ mú mi débẹ̀ kí n fọwọ́ kàn án.

Bí gbogbo ìpàdé ṣe dìde nìyẹn o, a tò bí ẹni ń sin ìyàwó, a rìn dé ìdí ilé ìgbẹ̀bí. Ògiri wà níbẹ̀ lóòótọ́, wọ́n sì mọ ọ́n dáadáa. Àmọ́ nígbà tí wọ́n ṣí yàrá kan lẹ́yìn ilé ìwé, a bá àpò símẹ́ǹtì mẹ́tàlélógún níbẹ̀ tó ti di òkúta, àwọn ọmọdé ti ń gun orí ẹ̀ ṣeré. Wọ́n ti rà á kí wọ́n tó rí bíríkìlà, òjò wá ń fẹ́ wọlé sí i láti ojú fèrèsé títí. Ẹnì kankan ò jí nǹkan kan. Akápò wa yẹn, mo lè fi Kùránì búra fún un. Owó ìlú kàn ti di òkúta ni, ìwé ẹ̀ sì pé pérépéré. Látọjọ́ yẹn lọ, ìdí iṣẹ́ la ti ń ka ìwé owó wa, lórí ìdúró, ti èṣí la sì kọ́kọ́ máa ń kà. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni Màmá sọ̀rọ̀ ní ìpàdé láti bí ọdún mélòó yìí, ó sì tó.

Ìdí tí mo fi ń rojọ́ símẹ́ǹtì fún yín ni pé bá a bá ti sọ̀rọ̀ owó ìjọba nílẹ̀ yìí, olè nìkan lojú wa máa ń wá. Ta ló kó o, mélòó ló kó, EFCC ti mú un àbí wọn ò tíì mú un. Olè wà, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n owó tó ń di òkúta lọ́wọ́ àwọn tí ò jalè, ó pọ̀ o, kò sì sẹ́ni tó ń wá a kiri torí pé àṣẹ wà, ríìsíìtì wà, ọ́dítọ̀ wá, ó rí ìwé, ó sààmì sí i, ó mu omi tútù, ó lọ.

Èmi mọ̀ torí pé èmi ni mo ń tọ́jú òkúta ọ̀hún. Ọdún 31 ni mo fi ṣe sítókípà ní ilé iṣẹ́ ìjọba kan nílùú Ìlọrin níbí, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, ẹ má sì wá a, torí tẹ́ ẹ bá ń wá a ẹ máa rí bíi mẹ́wàá tó jọ ọ́. Iṣẹ́ sítókípà ò le: ọjà wọlé, o kà á, o kọ ọ́ sí bínkáàdì, ọjà jáde, o yọ ọ́ kúrò. Ẹni tó bá tọ́jú bínkáàdì dáadáa fún ọdún mélòó kan, kò sí nǹkan tí ọ̀gá fẹ́ sọ fún un nípa ilé iṣẹ́ yẹn tí kò tíì mọ̀. Káàdì tèmi, láti oṣù kìíní dé oṣù kẹwàá, ọ̀gbẹlẹ̀ ni. Bébà ò sí, àwọn ọmọ ọ́fíìsì ń fi owó ara wọn ṣe fọ́tókópì ní Pósọ́fíìsì, páìpù ilé ìtọ̀ já a fi rọ́bà so ó, rọ́bà já a fi aṣọ dì í. Tó bá wá di oṣù kejìlá, ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yà wọlé.

Ọdún kan wà tí mi ò lè gbàgbé, ọjọ́ 28 oṣù kejìlá ni, mo ti ń tilẹ̀kùn torí mo fẹ́ lọ ra ewúrẹ́ ní Ìpàta fún ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ni ọkọ̀ kan bá dé pẹ̀lú pálí tónà ogójì, ìyẹn íńkì ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Mo wo nọ́ńbà tó wà lára pálí, mo tún un wò, mo ní ẹ dúró ná, ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi èyí sí, ṣebí a ti tà á ní gbàǹjo, ṣebí èmi gan-an ni mo yọ ọ́ kúrò lórí káàdì. Mo gbéra ó di ọ̀dọ̀ akáǹtáǹtì. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tó ti rẹ̀. Ó ní Alàájì, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù yìí ni relíìsì yìí, owó tí wọ́n tú sílẹ̀ fún wa, ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, orí fóòtù, ìyẹn ìlà ìnáwó, ohun èlò ọ́fíìsì ló wà, mi ò lè fi san owó iná, mi ò lè fi ra dísù, mi ò sì lè fi tún páìpù ṣe. Tá ò bá ná an tán kó tó di ọjọ́ 31, ó ń padà lọ nìyẹn. Tó bá padà lọ, wọ́n á ní ṣebí ẹ ò nílò ẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n á gé e kúrò lára tọdún tó ń bọ̀. Mo ní tónà ẹ̀rọ tí ò sí ńkọ́? Ó ní ohun tí ẹni tó ń tajà ní nílẹ̀ nìyẹn, kò sáyè à ń wá òmíràn.

Mo fọwọ́ sí i. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ síta kí ẹnikẹ́ni tó bá mi sọ ọ́, èmi Alàájì, mo gbé bírò mo fọwọ́ sí i pé ọjà wọlé, ó pé, ó dáa. Pálí ogójì yẹn wà lórí pẹpẹ lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìn tì. Mo kà á fún ẹni tó gbapò mi, òun náà kà á, ogójì pé, ó buwọ́ lù ú. Ìwé wa mọ́ kedere.

Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá ṣọ́wó ná, à ń fìyà jẹ ẹ́, wọ́n á gé tiẹ̀. Ẹni tó bá ná an ní ìnákúnàá, wọ́n á bù sí tiẹ̀, torí tí wọ́n bá fẹ́ kọ bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún tuntun, ti èṣí ni wọ́n máa gbé, wọ́n á fi díẹ̀ lé e nítorí ọjà tó wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni tónà yẹn ṣe máa di ọmọ onílé. Ìlà kan wà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì ilé iṣẹ́ wa tó ti wà níbẹ̀ kí ọ̀gá wa tó gba iṣẹ́ ìjọba. Ọ̀gá fẹ̀yìn tì, ó fi ìlà náà síbẹ̀.

Ẹ má jẹ́ n purọ́ mọ́ wa, kì í ṣe Kwara nìkan, kì í tiẹ̀ ṣe Nàìjíríà nìkan. Ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ni ọdún ìnáwó ìjọba àpapọ̀ wọn máa ń parí. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì yẹ ìwé kọ́ńtíráàtì wọn wò, wọ́n rí i pé owó tí wọ́n ń ná lọ́sẹ̀ tó gbẹ̀yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po márùn-ún ti ọ̀sẹ̀ mìíràn, àwọn iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí wọ́n sì sáré gbé jáde lọ́sẹ̀ náà kò dáa tó ti ìgbà yòókù. Ibi tó dùn mọ́ mi nínú ẹ̀ ni ti ilé iṣẹ́ ètò ìdájọ́ wọn. Wọ́n gbà fún ìyẹn pé kó máa gbé lára owó tó bá ṣẹ́kù lọ sí ọdún tó tẹ̀ lé e, iṣẹ́ tiwọn ò sì bàjẹ́ níparí ọdún bíi tàwọn tó kù. Àwọn èèyàn kan náà ni o, orílẹ̀-èdè kan náà, ohun tí òfin sọ nípa ìṣẹ́kù ló yàtọ̀.

Ọ̀nà mìíràn tí wọ́n máa ń pariwo ẹ̀ ni pé ká gbàgbé ti èṣí pátápátá, kí oníkálukú bẹ̀rẹ̀ láti òdo, kó ṣàlàyé kọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan. Jimmy Carter ló sọ ọ́ di olókìkí, ó ṣe é ní Georgia lÁmẹ́ríkà nígbà tó ń ṣe gómìnà, ó gbé e lọ sí Washington nígbà tó di ààrẹ lọ́dún 1977, bébà di òkìtì lórí tábìlì wọn, Reagan tó gbapò ẹ̀ dé lọ́dún 1981, ó gbé e tì. Àwa náà dán an wò. Bọ́jẹ́ẹ̀tì ìjọba àpapọ̀ ọdún 2016, tó lé ní tírílíọ̀nù mẹ́fà náírà, láti òdo ni wọ́n ní àwọn ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Kí la rí? Mínísítà ètò ìlera fúnra ẹ̀ lọ síwájú ìgbìmọ̀ àwọn sẹ́nétọ̀, ó ní ohun tóun ń wò nínú ìwé yìí, àwọn kọ́ làwọn kọ ọ́. Ọdún yẹn ni ẹni tí ò gbọ́ òyìnbó pàápàá mọ ohun tó ń jẹ́ padding, ìyẹn kí wọ́n máa ki owó tí ò yẹ bọ inú bọ́jẹ́ẹ̀tì. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ẹni tó lè kọ tónà ogójì láti ara ti èṣí lè kọ ọ́ láti òdo náà, ṣebí bírò kan náà ni.

Ẹ jẹ́ n mú yín dé ibì kan sí i. Abúlé kan wà láàárín Àjàṣẹ́-Ìpo sí Òmù-Àrán, àna mi kan ń gbé ibẹ̀. Bóhòólù mẹ́ta ló wà níbẹ̀, tẹ́ ẹ bá dúró nídìí àkọ́kọ́ ẹ máa fojú rí méjì tó kù, kò sì sí èyí tó ń pọ omi nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ti àkọ́kọ́, páńpù ẹ̀ ló jó. Ti ìkejì, wọ́n tú sólà ẹ̀ lọ lóru. Ti ìkẹta, táǹkì ẹ̀ ga, ó fani mọ́ra, wọ́n kọ orúkọ ẹni tó gbé e wá sára ẹ̀ gàdàgbà-gadagba, ẹnu ẹ̀rọ ẹ̀ ló já. Àna mi ní ẹni tó ń tún bóhòólù ṣe wá láti Ọ̀fà wá wo ti àkọ́kọ́ yẹn, ó sọ okùn sísàlẹ̀, ó ní omi ń bẹ níbẹ̀ bí òkun, páńpù nìkan ni, ó sì dá iye tó máa jẹ́ fún wọn. Wọ́n kọ̀wé sí ibi tó yẹ kí wọ́n kọ ọ́ sí. Ó tó ọdún méjì kí ìdáhùn tó dé. Ìdáhùn ọ̀hún ni bóhòólù kejì. Wọ́n tún kọ̀wé nígbà tí wọ́n jí sólà, ìdáhùn dé, òun ni bóhòólù kẹta.

Mi ò bá ẹnì kankan wí, bọ́jẹ́ẹ̀tì ló kọ́ gbogbo wa bẹ́ẹ̀. Owó àtúnṣe, inú ìnáwó ojoojúmọ́ ló wà, òun ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń gé bówó bá wọ́n, kò ní kọ́ńtíráàtì tó jọjú, kò ní ríbọ́ọ̀nù, ta ló máa pe oníròyìn wá wo ẹnu ẹ̀rọ? Bóhòólù tuntun, owó iṣẹ́ àkànṣe ni, ó ní kọ́ńtírátọ̀, ó ní fọ́tò, ó ní ọjọ́ ìṣílé, ìgbà ìbò a lè kà á. Mẹ́ta tó kú sàn ju ẹyọ kan tó ń ṣiṣẹ́ lọ nínú ìwé, torí mẹ́ta ló máa wà lórí pátákó. Àwọn obìnrin abúlé yẹn ṣì ń lọ sódò kí ilẹ̀ tó mọ́ o, lásìkò tí gbogbo wa mọ bí inú igbó gúúsù Kwara ṣe rí yìí.

Ẹ lè ní kí ni tàwa ńbẹ̀, ṣebí gómìnà ló ń kọ bọ́jẹ́ẹ̀tì. Òótọ́ ni, abala 121 nínú ìwé òfin ọdún 1999 ní gómìnà ni kó gbé àbá ìṣúná wá síwájú yín kí ọdún tó bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ ọwọ́ yín ni bírò wà. Abala 128 tún wá ń bẹ níbẹ̀ tó fún yín lágbára láti ṣèwádìí, ẹ lọ tún un kà, ìwà ìbàjẹ́ nìkan kọ́ ni wọ́n kọ síbẹ̀, wọ́n kọ ìfowóṣòfò náà síbẹ̀ gbangba. Àwọn tó kọ ọ́ mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni olè, ọ̀tọ̀ ni símẹ́ǹtì tó di òkúta. Abala 125 ní láàárín 90 ọjọ́ tí Ọ́dítọ̀ Àgbà bá gba ìwé owó ọdún lọ́wọ́ Akáǹtáǹtì Àgbà, kó gbé ìròyìn tiẹ̀ wá fún yín, kí ìgbìmọ̀ yín kan yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kẹ́ ẹ yẹ ti ẹ̀yìn wò tán kẹ́ ẹ tó ṣí ti iwájú, kẹ́ ẹ sì ṣílẹ̀kùn káwa náà lè wọlé wá jókòó.

Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é ò le. Tí kọmíṣọ́nà bá gbé ìlà kan dé, ẹ jẹ́ ká ní 23010112, ìyẹn àga àti tábìlì ọ́fíìsì (mo mọ nọ́ńbà yẹn lórí débi pé ìyàwó mi ní mo máa ń pè é lójú oorun), kẹ́ ẹ tó bi í pé èló lò ń fẹ́, ẹ bi í ní ti èṣí. Èló la fọwọ́ sí fún un, èló ni wọ́n fún un gangan, ìgbà wo ni wọ́n fún un, kí ló rà, ibo ló wà. Ẹ má fo ti ìgbà wo yẹn o. Owó tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lóṣù kejìlá, òkúta ni kó tó dé, ẹjọ́ ẹ̀ sì kì í ṣe ti ẹni tó ná an nìkan, ti ẹni tó mú un dání látoṣù kẹta ni. Ibo ló wà yẹn náà, ẹ rán ẹnì kan lọ wò ó, ẹ rán akọ̀wé yín kan tó ní ọ̀kadà. Tí wọn ò bá rí i, ẹ má wulẹ̀ pariwo lé kọmíṣọ́nà lórí nítorí kámẹ́rà, ẹ kàn fi ìlà yẹn sílẹ̀ lófìfo títí wọ́n á fi rí i.

Ibi tí ìwé bá sì ti kọ pé káàkiri ìpínlẹ̀, bóhòólù mẹ́wàá káàkiri ìpínlẹ̀, àtúnṣe ilé ìwé káàkiri ìpínlẹ̀, ẹ dá a padà, kí wọ́n lọ kọ orúkọ abúlé sí i. Ìyá elélùbọ́ ò lè rìn dé káàkiri.

Lẹ́yìn náà ni ti ìṣẹ́kù. Ilé iṣẹ́ tó bá ṣẹ́ owó kù, ẹ jẹ́ kó gbé ìdajì ẹ̀ wọnú ọdún tuntun, kó jẹ́ pé àtúnṣe nìkan ló lè fi ṣe, páìpù, páńpù, òrùlé, irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ìdajì tó kù kó padà sápò ìjọba, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sínú òfin ìṣúná fúnra ẹ̀ pé ẹnikẹ́ni ò ní tìtorí ìṣẹ́kù gé tiẹ̀. Àwọn akáǹtáǹtì máa ní èyí máa da ìwé rú. Ìwé ti rún tipẹ́, áyọ́ọ̀nù la kàn ń fi lọ̀ ọ́.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi ìparí ọdún lé yín. Wọ́n á ní tẹ́ ẹ ò bá tètè fọwọ́ sí i ìjọba máa dẹnu kọlẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀, abala 122 ti lànà sílẹ̀, gómìnà lè máa náwó fún oṣù mẹ́fà, kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, káwọn nǹkan má bàa dúró, kó ṣáà má ju iye tá a gbà fún irú àsìkò bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Gbogbo ìjọba ló máa ń fẹ́ kí wọ́n gbé e sí rédíò pé bọ́jẹ́ẹ̀tì ti jáde kíákíá. Èmi o, tí mo bá gbọ́ kíákíá nínú ọ̀rọ̀ bọ́jẹ́ẹ̀tì, ọkọ̀ tó yà wọlé lọ́jọ́ 28 yẹn ló máa ń wá sí mi lọ́kàn.

Mo gbà pé nǹkan ti sàn ju ayé tiwa lọ. Látìgbà tí Báńkì Àgbáyé ti fọwọ́ sí mílíọ̀nù 750 dọ́là lọ́dún 2018 láti fi wú àwọn ìpínlẹ̀ lórí pé kí wọ́n máa fi ìwé owó han ará ìlú, bọ́jẹ́ẹ̀tì ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọmọ ọmọ mi ló ṣí i fún mi lórí fóònù, a jọ ń fìka ti ojú ewé lọ sókè, lẹ́tà ẹ̀ kéré bí èèrùn, dátà tán ká tó dé orí ètò ìlera. Mo sì gbọ́ pé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ lọ́dún 2025 pé òfin ọdún 2011 tó ní kí ìjọba dá ẹni tó bá béèrè ìwé lóhùn láàárín ọjọ́ méje, ó kan àwọn ìpínlẹ̀ náà. Ó dáa gan-an. Àmọ́ kí ló dé tí Màmá á fi máa wá lọ́yà kó tó mọ̀ bóyá wọ́n ti tún páńpù ṣe? Ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á lórí Rédíò Kwara, kí wọ́n kà á lórí Harmony ní Ìdọ̀fìàn, ìjọba ìbílẹ̀ kan lójúmọ́, ọjọ́ 16 péré ni, lédè Yorùbá, lédè Tápà, ti Bàrùbá, ti Fúlàní, pé abúlé yìí la ní a máa ṣe nǹkan báyìí fún léṣìí, iye ẹ̀ rèé, ẹ̀yin ará ibẹ̀ ṣé ẹ rí i? Kí wọ́n wá ṣí fóònù sílẹ̀. Ẹ máa gbọ́ nǹkan lọ́jọ́ náà! Ní Porto Alegre lórílẹ̀-èdè Brazil, ọdún 1989 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í pe ará àdúgbò jókòó pé kí wọ́n wá sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi owó ìlú ṣe. Àwa ò tiẹ̀ tíì béèrè tó ìyẹn.

Ti ìjọba ìbílẹ̀ náà ò gbọdọ̀ gbẹ́yìn. Ilé ẹjọ́ yẹn kan náà dájọ́ lọ́jọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024 pé kí owó wọn máa bọ́ sọ́wọ́ wọn ní tààrà. Inú mi dùn sí i, àmọ́ mo mọ àwọn sítóò ìjọba ìbílẹ̀ dáadáa, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣọ́ wọn, èmi ni mo kọ́ wọn níṣẹ́, owó tó bọ́ sọ́wọ́ tààrà lè di òkúta tààrà náà.

Ọmọ mi ka lẹ́tà yìí kí n tó fi síta, ó ní bàbá, kí ni tónà àti páńpù lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá àti títì olówó bílíọ̀nù, ẹ̀ ń lé eṣinṣin nígbà tí màlúù wà nínú oko. Mo ní ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹni tí ò rí pálí ogójì tó wà lórí pẹpẹ ní ìdúró, ṣé òun ló máa rí iye irin tó wà nínú kọnkéré? Ohun tí Màmá lè fọwọ́ kàn ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ yín á mọ́ ọn lára kẹ́ ẹ tó dé ìdí afárá. Kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó kan ẹ̀yin náà, iṣẹ́ àkànṣe tẹ́ ẹ̀ ń gbé lọ sí agbègbè yín, ẹ kọ́kọ́ fi ti èṣí hàn wá. Wọ́n ní ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara ẹ̀, mo mọ̀, àmọ́ ẹ bá wa gbìyànjú ẹ̀ ná.

Mo ṣì ní ẹ̀dà bínkáàdì tónà yẹn lọ́wọ́, owó ara mi ni mo fi ṣe é ní Pósọ́fíìsì. Níbi ọjà tó wọlé, 40 ló wà níbẹ̀. Níbi ọjà tó jáde, kò sí nǹkan kan. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá máa pe ará ìlú jókòó lórí bọ́jẹ́ẹ̀tì, mo máa wà lórí gálárì pẹ̀lú ẹ̀. Màmá elélùbọ́ ní òun náà ń bọ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kéde ọjọ́ náà lórí rédíò tó bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, torí ó gbọ́dọ̀ wọkọ̀ láti ilé, kì í sì í fẹ́ pẹ́ dé ìpàdé.

Èmi ni tiyín,
Bàbá Sítóò,
Gáà Akanbi, Ìlọrin.